Bí Kẹ̀kẹ́ Bẹ́líìtì Ọkọ̀ Yín Bá Ń Ké: Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Roulement Inú Rẹ̀ Nílé

Ọ̀rọ̀ ọjà la tún gbé dé, ṣùgbọ́n lónìí, ọkọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sọ́jà la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọkọ̀ bá kú sọ́nà láàárín Kétu àti Pobè, tòmátì inú apẹ̀rẹ̀ kò ní dúró de mẹ́káníìkì. Aláboyún tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìwòsàn kò lè dúró bákan náà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọkọ̀ ti máa ń ké fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó kú. Àwa ni a kì í dá a lóhùn.

Kí ló ń ké?

Ẹ ṣí iwájú ọkọ̀. Ẹ ó rí bẹ́líìtì rọ́bà dúdú tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ ń pè ní courroie. Òun ló ń yí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní iná. Nínú ọkọ̀ púpọ̀, òun náà ló ń yí pọ́ǹpù omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù. Lójú ọ̀nà rẹ̀, ó máa ń gba orí kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí kò yí nǹkan kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó darí bẹ́líìtì tàbí kó jẹ́ kó le dáadáa. Galet ni àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè é.

Roulement wà láàárín galet yìí. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní bíárìn. Òrùka irin méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, ọmọ irin róbótó-róbótó wà láàárín wọn, gíríìsì sì ń jẹ́ kí gbogbo wọn máa yọ̀. Eruku ọ̀nà, omi àti ọjọ́ pípẹ́ ló ń ba gíríìsì náà jẹ́. Bẹ́líìtì tó le jù náà ń pa roulement.

Bí gíríìsì bá tán, irin á máa ha irin. Bí ẹ́ńjìnì bá ṣe ń sáré sí i ni igbe náà á máa ga sí i. Bí roulement bá wá gan, bẹ́líìtì á jóná tàbí kó já. Iná pupa bátìrì á tàn níwájú awakọ̀. Bí bẹ́líìtì yẹn bá ló ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnì á gbóná kọjá ààlà láìpẹ́. Awakọ̀ tó bá ní òun á fi dé ilé bẹ́ẹ̀ lè ba odidi ẹ́ńjìnì jẹ́ nítorí ohun tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kó dúró, kó pa á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Galet ti bẹ́líìtì òde là ń sọ o. Èyí tó wà nínú ìdérí iwájú ẹ́ńjìnì, tí wọ́n ń pè ní courroie de distribution, ẹ fi í sílẹ̀ fún mẹ́káníìkì. Bí ìyẹn bá yẹ̀ díẹ̀, irin inú ẹ́ńjìnì lè máa gbá ara wọn.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì tú okùn bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Bẹ́líìtì tó ń yí kì í mọ ìka yàtọ̀ sí igi.

Iṣẹ́ náà rèé

Èkíní, ẹ ya ọ̀nà tí bẹ́líìtì gbà sórí ìwé, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Lẹ́yìn náà, ẹ dẹ̀ ẹ́, kí ẹ yọ ọ́.

Èkejì, ẹ fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ṣe gbirigbiri bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ wà nínú rẹ̀, tàbí tó bá ń mì sọ́tùn-ún sósì, òun ló ti bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ tú bóòtì àárín rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ẹ má fi agbára ṣe é: ti ọkọ̀ mìíràn máa ń tú sí òdì kejì. Ẹ to wọ́ṣà àti ìdérí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó bá rọra pa eèrà ló ń rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wò ó bóyá roulement ṣeé yọ. Bí wọ́n bá ti da ike galet mọ́ ọn, odidi galet lẹ ó rà. Bí ó bá ṣeé yọ, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, 6203 ní ihò mílímítà 17, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ 12. Bí ẹ bá rí 2RS lẹ́yìn nọ́ńbà náà, rọ́bà ló bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ZZ, irin pẹlẹbẹ ló bò ó. Fún eruku ọ̀nà wa, rọ́bà ló dára jù. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á.

Ẹ̀karùn-ún, bí òrùka irin kékeré kan bá há mọ́ ẹnu ihò, ẹ yọ ọ́. Ẹ gbé galet lé orí páìpù tó fẹ̀ ju roulement lọ, kí ẹ fi òòlù lu ti àtijọ́ jáde.

Ẹ̀kẹfà, ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Bí ẹ bá ń ti tuntun wọlé, òrùka ìta nìkan ni kí ẹ tì. Ẹ wá páìpù tí ẹnu rẹ̀ bá òrùka ìta mu, kí ẹ sì lo irin ìfúnpọ̀ àwọn awẹ́dà, tí wọ́n ń pè ní étau. Bí ẹ bá lu òrùka inú, agbára náà á gba ara àwọn ọmọ irin kọjá, á sì dá ojú àpá sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yí. Roulement tuntun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké láìpẹ́. Ẹ má fi iná yan án, ẹ má fi èsáǹsì fọ̀ ọ́: gíríìsì tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀.

Èkeje, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà bí àwòrán yín ṣe fi hàn. Bí ọkọ̀ yín kò bá ní irin tó ń fa bẹ́líìtì le fúnra rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín ibi tó gùn jù. Kó rọ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹ so bátìrì, ẹ kó irinṣẹ́ kúrò, ẹ tan ẹ́ńjìnì, kí ẹ jìnnà díẹ̀ láti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún bẹ́líìtì náà wò.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Ọkọ̀ wo ní abúlé yín ló ń ké báyìí? Ta ló ní étau tí ẹ lè yá? Bí ẹ̀yin oníṣòwò bá gbọ́ igbe nínú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀, ta ni yóò sọ fún awakọ̀, báwo ni yóò sì ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní di ìjà? Ẹ jíròrò rẹ̀ o.