Bí Wọ́n Bá Bi Wá Léèrè Ọ̀rọ̀ Àpò Wa

Mowe àti Ibafo wà lójú títì Èkó sí Ìbàdàn, Ifọ wà lọ́nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Èrò pọ̀, a kò mọ ẹni tó ń gbọ́. Síbẹ̀, gbangba ìsọ̀ ni wọ́n ti ń bi wá pé: "Ìyá Ẹlẹ́ja, èló lẹ yá lẹ́gbẹ́? Ọmọ yín ti di mélòó?"

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bèèrè ló ní inú burúkú. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ owó bá délé dọ́jà, ẹni tó kó ọjà fún wa láwìn á fẹ́ gbowó lójú ẹsẹ̀, olè náà á gbọ́.

Ká má purọ́, ká má sì bínú. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ká ní, "A dúpẹ́, wọ́n wà dáadáa." Bó bá jẹ́ owó, ká ní, "Ọlọ́run ń bá wa ṣe é. Ọjà tiyín ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé irú èsì yìí wá síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó o! Bí a bá jẹ gbèsè níbòmíràn, ká sọ ọ́. Onídùúró wa náà gbọ́dọ̀ mọ̀, torí bí a kò bá san, ọrùn rẹ̀ ló ń bọ̀.

Àwa ìgbìmọ̀ pẹ̀lú, ohun tí a rí nínú ìwé ọmọ ẹgbẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìsọ̀. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2023 láti dáàbò bo ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ará ìlú kàn wá náà.