Ọ̀sìn alágẹmọ Jackson

Alágẹmọ Jackson (Trioceros jacksonii) jẹ́ ẹ̀yà alágẹmọ tí ó máa ń bí ọmọ láàyè dípò kí ó yé ẹyin. Àwọn òkè Kẹ́ńyà àti Tànsáníà ni ibùgbé rẹ̀. G. A. Boulenger ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1896, ó sì fi orúkọ Frederick Jackson, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, pè é. Akọ rẹ̀ ní ìwo mẹ́ta níwájú orí, èyí tí ó mú kí àwọn tí ń sin ẹranko fẹ́ràn rẹ̀.

Oyún àti ìbímọ

Ọ̀pọ̀ alágẹmọ máa ń bo ẹyin wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ orí òkè tutù, nítorí náà inú ara ni abo alágẹmọ Jackson ti ń gbé ọmọ rẹ̀ dàgbà, tí ó sì ń yá oòrùn lọ́sàn-án. Oyún náà máa ń tó oṣù 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sábà máa ń bí ọmọ 8 sí 30 lẹ́ẹ̀kan. Inú àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń jáde; á ya àpò náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹ̀ka igi. Ìyá kì í tọ́ wọn. Èyí bá òwe Yorùbá mu pé alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.

Ìtọ́jú

Ooru àpọ̀jù jẹ́ ewu ńlá fún un. Ìwọ̀n 21 sí 27 °C ló yẹ ẹ́ lọ́sàn-án, kí ó sì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí 10 sí 16 °C lóru. Àgò onínẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ń gbà kọjá ni ó dára, ẹyọ kan nínú àgò kan, nítorí àwọn akọ máa ń jà. Omi tí a wọ́n sórí ewé ni ó ń mu. Ó nílò iná UVB àti kòkòrò tí a fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù ra lára. A máa ń ya àwọn ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, a sì ń fi eṣinṣin tíntìntín àti ọmọ ìrẹ̀ bọ́ wọn.

Ìdáàbòbò

Àdéhùn CITES ń darí òwò rẹ̀ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè. Abo tí a mú nínú igbó lè ti lóyún. Bí ó bá bímọ nínú àgò, ìyẹn kò fi hàn pé inú àgò ni ó ti gba akọ. Àwọn tí òbí wọn méjèèjì gùn nínú àgò nìkan ni ó ń dín mímú láti inú igbó kù. Bákan náà, kò yẹ kí a tú wọn sílẹ̀ sí ilẹ̀ àjèjì. Ní ọdún 1972, a tú díẹ̀ sílẹ̀ ní erékùṣù Oahu ní Hawaii. Wọ́n bí sí i, wọ́n sì ń jẹ àwọn kòkòrò àti ìgbín ibẹ̀.