Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kọ́kọ́rọ́ àti ìwé-ẹ̀rí inú áàpù

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ áàpù fún àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ n'Íbàdàn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Kí áàpù tó fi owó ìyá aláta ránṣẹ́, báńkì á kọ́kọ́ fi ìwé-ẹ̀rí hàn án: orúkọ rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ gbangba rẹ̀, ọjọ́ tí ìwé náà máa parí, àti ẹni tó jẹ́rìí sí i. Ti Let's Encrypt, ọ̀kan lára àwọn tó ń jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí, kì í ju 90 ọjọ́ lọ.

Bí ìwé-ẹ̀rí kò bá pé, requests, ohun èlò Python tí áàpù fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀, á kọ̀. Ẹni tó ń kánjú á wá kọ verify=False, tó túmọ̀ sí pé kó má yẹ ìwé-ẹ̀rí wò mọ́. Ó máa ṣiṣẹ́ o! Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá wọ àárín áàpù àti báńkì lójú ọ̀nà lè pe ara rẹ̀ ní báńkì, kó sì ka gbogbo ohun tí áàpù fi ránṣẹ́. Ìyẹn ò dáa rárá.

Kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, tó jẹ́ èkejì kọ́kọ́rọ́ gbangba, ńkọ́? Ẹ má gbé e sórí GitHub. Tó bá ti jáde, pípa fáìlì rẹ́ kò tó. Ẹ fagi lé e, kí ẹ ṣe òmíràn. Ohun tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ṣe nìyẹn nígbà tí àṣírí Heartbleed, àléébù inú OpenSSL tó lè jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ jáde, tú ní oṣù kẹrin 2014.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí kóòdù yín lónìí, ẹ wá verify=False nínú rẹ̀, kí ẹ yọ ọ́.