Omi Yìnyín Nínú Ilé: Ọpọ́n Ni A Ń Rà, A Kì Í Ra Àṣà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tí a máa ń wí nígbà tí a bá ń fi omi tútù súre fún ọmọ tuntun níbi ìsọmọlórúkọ. Àlejò tí ó bá sì wọlé tọ̀ wá, omi tútù ni a kọ́kọ́ ń gbé fún un. Bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀rù kò fi tètè bà mí nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ̀ mí láago pé òun ti ra ọpọ́n ìwẹ̀ ńlá kan sí ẹ̀yìnkùlé òun. Ó ní ẹ̀rọ ni ó ń mú omi inú rẹ̀ tutù bíi yìnyín, àti pé láràárọ̀ ni òun ń bẹ́ sínú rẹ̀ kí ara òun lè le. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fòyà. Àṣà àwọn ará Fínláǹdì ni, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Òótọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ọmọ tí mo ń wí yìí, dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a tọ àṣà náà lọ sí orísun rẹ̀, kí a lè mọ ohun tí ó mú nínú rẹ̀ àti ohun tí ó fi sílẹ̀.

Ilé Ooru àti Ihò Inú Yìnyín

Ìhà àríwá ilẹ̀ Yúróòpù ni Fínláǹdì wà. Àwọn adágún omi ilẹ̀ náà tó 188,000, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń dì gbagidi nígbà òtútù. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.6, ṣùgbọ́n ilé ooru tí wọ́n ń pè ní sauna lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta láàrin wọn. Yàrá onípákó ni sauna. Wọ́n a kó òkúta jọ sórí ààrò títí yóò fi gbóná janjan, wọ́n a sì da omi sí i kí oruku rẹ̀ lè bo ara. Ooru ibẹ̀ a máa tó 80 sí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Ilé yìí kì í ṣe ibi ìwẹ̀ lásán. Láyé àtijọ́, inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bímọ sí, ibẹ̀ náà ni a sì ń wẹ òkú kí a tó sin ín. Àwọn àgbà wọn a máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé bí ènìyàn ṣe ń hùwà nínú ilé ìsìn ni kí ó máa hùwà nínú sauna. Ní ọdún 2020, àjọ UNESCO fi àṣà sauna ilẹ̀ Fínláǹdì sínú ìwé àkọsílẹ̀ ogún àjogúnbá aráyé.

Lẹ́yìn tí ara bá ti gbóná tán ni omi tútù tó wọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n a gbẹ́ ihò sójú adágún tí ó ti dì. Avanto ni wọ́n ń pe ihò náà. Ẹlòmíràn tí ilé ìsinmi rẹ̀ wà létí adágún ní tirẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan a máa lo ẹ̀rọ tí ń ru omi sókè kí ihò náà má baà tún dì.

Ohun Tí Omi Náà Ń Ṣe Fún Ara

Omi a máa gba ooru lára ènìyàn ju afẹ́fẹ́ lọ, tó nǹkan bí ìlọ́po 25. Bí ènìyàn bá bọ́ sínú omi yìnyín lójijì, yóò fa èémí ńlá sínú láìròtẹ́lẹ̀, yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi lákòókò náà, omi ni yóò fà símú. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára awọ yóò fún pọ̀, ọkàn yóò máa sáré, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò sì ròkè. Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, èyí a máa rọlẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú 2 sí 3. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru lè má rí ìṣẹ́jú náà lò.

Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ tí ń ṣe é ń jẹ́rìí pé ojú àwọn a máa dá, inú àwọn a sì máa dùn lẹ́yìn rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí pé ó ń wo àrùn sàn kò tíì fìdí múlẹ̀.

Òfin Tí Kò Sí Nínú Ọpọ́n

Àwọn tí wọ́n bá àṣà yìí dàgbà mọ gbogbo èyí, wọ́n sì ṣe òfin yí i ká. Wọn kì í dá nìkan wọ omi náà. Ẹni tí ó mutí kì í sún mọ́ ọn. Wọn kì í bẹ́ sínú rẹ̀. Àkàsọ̀ ni wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orí wọn a sì wà lókè omi. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ kí omi tó dì, kí ara rẹ̀ lè máa bá omi náà tutù lọ. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nígbà mìíràn kì í tó ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀dọ̀ dókítà ni yóò kọ́kọ́ gbà lọ.

Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, èwo ni ó bá ọpọ́n wá láti ọjà? Kò sí. Àárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí aya àti ọmọ ṣì ń sùn, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń dá bẹ́ sínú omi. Bí èémí bá já mọ́ ọn lẹ́nu, ta ni yóò fà á jáde? Òmùwẹ̀ pàápàá ni omi ń gbé lọ, áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tí ó ń jà pẹ̀lú ọkàn ara rẹ̀.

Mo wí fún un pé, "Ọmọ mi, ọpọ́n ni o rà, ìwọ kò ra àṣà. Ọ̀bẹ ni o rà, o kò mú àkọ̀ rẹ̀ bọ̀." Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ pè mí láti dúpẹ́, ó ní òun ti bo ọpọ́n náà, ó di ìgbà tí dókítà bá sọ̀rọ̀.

Kò burú kí a kọ́ àṣà ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò yá ẹ̀wù onílé wọ̀, kí ó bi onílé bí a ti ń wọ̀ ọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.