Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì gbẹ̀yìn? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ọ́ìlì àti fílítà alùpùpù

Kò sí ọlọ́kadà tó máa ń gbàgbé láti ra bẹntiróòlù. Tí bẹntiróòlù bá tán, alùpùpù á dúró sójú kan, gbogbo ayé á sì mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì bá ti gbó, alùpùpù ṣì máa ń sáré. Á gbé èrò lọ sọ́jà, á tún gbé e bọ̀, owó á máa wọlé. Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá nọ́ọ̀kì ni ẹni tó ń gùn ún tó máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́ tipẹ́.

Fún ẹni tó gba ọ̀kadà lórí àdéhùn àtisan díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì kì í ṣe ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì nìkan. Owó ojúmọ́ tó ń fún ẹni tó ni ọ̀kadà kò ní dúró dè é, owó ilé ìwé àwọn ọmọ náà kò ní dúró. Bẹ́ẹ̀, owó ọ́ìlì lítà kan kò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pístìn, owó ríìngì àti owó iṣẹ́ ẹni tó máa tú ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà wo wá ló yẹ kéèyàn pààrọ̀ ọ́ìlì? Fílítà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

Kí ni ọ́ìlì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì?

Irin ló ń fara gbo irin nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì ló ń wà láàárín wọn kí wọ́n má baà jẹ ara wọn. Òun náà ló ń gbé ooru kúrò, òun ló sì ń kó ẹ̀gbin àti éérú tó wà nínú ẹ́ńjìnnì mọ́ra.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wà lọ́tọ̀, ọ́ìlì gíà wà lọ́tọ̀. Ti alùpùpù tó wọ́pọ̀ lójú pópó wa kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú Bajaj Boxer tàbí Honda CG125, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, fún gíà àti fún kílọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀, bíi lítà kan péré ni ọ́ìlì náà, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń gba bíi lítà mẹ́rin. Iṣẹ́ pọ̀, ọ́ìlì kéré.

Ọ̀rọ̀ ooru tún wà ńbẹ̀. Ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí kò ní rádíétọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí wọn lára ni wọ́n fi ń tutù. Tí alùpùpù bá wà nínú gósìlóò lọ́sàn-án gangan, tó gbé èrò méjì, afẹ́fẹ́ kò tó. Ọ́ìlì náà ló máa jìyà ooru yẹn, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi ń tètè gbó ju ti mọ́tò lọ.

Kìlómítà mélòó ló yẹ kó jẹ́?

Ẹni tó bá ra alùpùpù tuntun gbọ́dọ̀ tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àkọ́kọ́. Láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alùpùpù máa ń sọ. Ìdí ni pé àwọn irin tuntun ń gé ara wọn bí wọ́n ṣe ń bára mu, èérún irin yẹn á sì wà nínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì àkọ́kọ́ yìí kò ṣeé fi jáfara rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tó bá alùpùpù wá sábà máa ń dárúkọ iye kan láàárín 3,000 sí 6,000 kìlómítà. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tí ojú ọ̀nà rẹ̀ dára, tí ẹrù rẹ̀ kò wúwo, ni iye yẹn wà fún. Ìwé kan náà sábà máa ń sọ pé tí eruku bá pọ̀, tí ẹrù bá wúwo, tàbí tí ìrìn bá jẹ́ dúró-lọ, dúró-lọ, kéèyàn tètè máa pààrọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iṣẹ́ ọ̀kadà ṣe rí gan-an nìyẹn.

Fún ẹni tó ń fi alùpùpù ṣiṣẹ́ ajé, 1,000 sí 1,500 kìlómítà ló bọ́gbọ́n mu. Ká ní ọlọ́kadà kan ń rin 100 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀. 600 kìlómítà nìyẹn lọ́sẹ̀ kan, 1,200 lọ́sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ló yẹ kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì.

Ti olùkọ́ tó ń fi alùpùpù lọ sílé ìwé yàtọ̀. Tó bá ń rin 20 kìlómítà lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó pé 1,500. Ọ́ìlì tirẹ̀ lè lò tó oṣù mẹ́ta ààbọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gun alùpùpù má torí pé kìlómítà kò pé kó máa dúró lọ títí. Ọ́ìlì máa ń gbó pẹ̀lú ọjọ́, ìrìn kúkúrú-kúkúrú sì máa ń jẹ́ kí omi kó jọ sínú rẹ̀. Kó má kọjá oṣù mẹ́fà.

Tí aago kìlómítà bá ti bàjẹ́ ńkọ́?

Àìmọye ọ̀kadà ni aago wọn ti kú. Ọ̀nà kan wà tí kò le: ẹ ka lítà bẹntiróòlù. Tí lítà kan bá ń gbé alùpùpù yín dé nǹkan bíi 40 kìlómítà, lítà 30 á gbé e dé nǹkan bíi 1,200. Ẹ máa fi gègé sàmì sínú ìwé kékeré kan nígbàkígbà tí ẹ bá ra epo. Tó bá ti pé lítà 30, ẹ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Fílítà: èwo là ń fọ̀, èwo là ń pààrọ̀?

Ti ọ́ìlì la ó kọ́kọ́ sọ. Ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké ló jẹ́ pé asẹ́ onírin ló wà nínú wọn. Asẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù nù. Wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì dá a padà. Àwọn alùpùpù mìíràn ní fílítà oníbébà. Ìyẹn kò ṣeé fọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì èyí tó wà nínú tiyín. Tó bá jẹ́ oníbébà, ẹ má ṣe jẹ́ kó ju ìgbà méjì tí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì lọ kí ẹ tó pààrọ̀ òun náà.

Fílítà afẹ́fẹ́ ló kàn. Imú ẹ́ńjìnnì nìyí. Lásìkò ọyẹ́, tí eruku pupa bá bo ojú ọ̀nà oko, imú yìí ló máa kọ́kọ́ dí. Alùpùpù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ epo, agbára rẹ̀ á dínkù, èéfín dúdú lè máa jáde. Tí fílítà náà bá wá ya, eruku á wọlé tààrà, á sì máa ha pístìn bí ìyanrìn.

Tó bá jẹ́ oníkànìnkànìn, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ ta ọ́ìlì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fún un kó má kán. Tó bá jẹ́ oníbébà, omi kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ gbọ̀n ọ́n, tàbí kí fọganáísà fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú bọ̀ síta, afẹ́fẹ́ tí kò le jù. Tó bá ti dúdú tí gbígbọ̀n kò ràn án mọ́, ẹ ra tuntun. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì ni kí ẹ máa ṣí i wò, pàápàá láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta.

Irú ọ́ìlì wo ni kí ẹ rà?

Ẹ wo ìwé alùpùpù yín. 20W-50 wọ́pọ̀ fún ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, àwọn kan sì ń lo 10W-40. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò lára ike ni JASO MA tàbí MA2. Àmì yìí ló fi hàn pé ọ́ìlì náà bá kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù mu. Inú ọ́ìlì ni kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù wọ̀nyí ń gbé, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì máa ń yọ̀ jù fún un. Ẹ́ńjìnnì á máa ké, alùpùpù kò ní lọ, pàápàá lórí òkè.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ́ìlì tí wọ́n ń bù nínú kẹ́ẹ̀gì láìní orúkọ. Ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́ lè mọ́ lójú, kó má lágbára kankan. Ẹ ra èyí tí ìdérí rẹ̀ kò tíì ṣí, kí ẹ sì ba ike náà jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá lò ó tán, kí ẹnikẹ́ni má baà rọ ayédèrú sínú rẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́?

Ọ́ìlì tó dúdú nìkan kò túmọ̀ sí pé ó ti bàjẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìdọ̀tí mọ́ra. Àwọn àmì tó yẹ kó dẹ́rù bà yín nìyí:

• Tó bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀.
• Tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tó sì ṣàn bí omi, bẹntiróòlù ti dà pọ̀ mọ́ ọn.
• Tó bá ń dán yinrin-yinrin, irin ti ń jẹ irin.
• Tí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde, ẹ́ńjìnnì ti ń jó ọ́ìlì.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí alùpùpù dúró ṣánṣán, kó má fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìlà ìsàlẹ̀, ẹ fi kún un. Ṣùgbọ́n ẹni tó bu omi tútù sórí omi ìdọ̀tí kò tíì pààrọ̀ omi. Fífi ọ́ìlì kún ọ́ìlì kò dípò pípààrọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ọ́ìlì lè ṣàn, kí ẹ wá pa á. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó kán tán fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni da kẹrosíìnì tàbí bẹntiróòlù sínú ẹ́ńjìnnì pé òun fẹ́ fọ̀ ọ́. Èyí tó bá kù á ba ọ́ìlì tuntun jẹ́. Ẹ fọ asẹ́, ẹ wo ríìngì rọ́bà rẹ̀ bóyá ó ti já. Kí wọ́n má fún nọ́ọ̀tì le jù, torí ìdí ẹ́ńjìnnì lè bọ́ nẹ́ẹ̀jì. Ẹ wọn ọ́ìlì tuntun, ẹ má bù ú léjú. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù máa ń hó, ó máa ń já síìlì, ó sì lè wọ inú fílítà afẹ́fẹ́. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì díẹ̀, ẹ pa á, ẹ dúró, kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ́ìlì tó ti gbó ńkọ́? Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀gbẹ́ kànga. Àjọ EPA tó ń rí sí àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé ọ́ìlì tí wọ́n rọ̀ látinú ọkọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún àwọn tó máa ń ra ọ́ìlì àlòkù lọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

Kí ẹ tó gbéra lọ́la, ẹ wo ọ́ìlì yín. Tí ẹ kò bá rántí ọjọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ má ṣírò mọ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.