Ṣé O Mọ̀? Kọ̀ǹpútà Rẹ Lè Di Ojú Tí O Fi Ń Wo Iná

Ṣé o mọ̀ pé oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìrìn iná mànàmáná sójú gíláàsì, ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún? Ní 1897 ni Karl Ferdinand Braun ṣe ìgò gíláàsì tó bí i, nílùú Strasbourg tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà. Mítà máa ń sọ iye fóltì fún ọ. Oscilloscope ní tirẹ̀ ń fi hàn ọ́ bí fóltì náà ṣe ń gòkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé irú iṣẹ́ yẹn ń lọ nínú kọ̀ǹpútà rẹ? Sound card tó ń gba ohùn wọlé sábà máa ń wọn fóltì nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tó jẹ́ bíìtì 16 mọ ìyàtọ̀ ipele 65,536. Kò bìkítà bóyá ohùn ni tàbí iná láti inú rédíò. Fóltì ṣáá ni ó ń wọ̀n.

Ṣé o mọ̀ pé o lè fojú rí dò, re, mí? Ṣí Audacity, ètò ọ̀fẹ́ tó ti wà láti 2000. Pe “à”, “a”, “á” sínú microphone, kí o fa ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn, kí o wá fẹ àwòrán rẹ̀ lójú. Ìgbì “à” á jìnnà síra, ti “a” á súnmọ́ra, ti “á” á fún mọ́ra jù lọ. Ohùn tó ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ lẹ́nu wa nìyẹn, ní ojú gíláàsì.

Ṣé o mọ̀ pé ara rẹ ń gba iná NEPA láìfọwọ́ kan wáyà? Ẹni tó bá ti fi ìka kan orí jáàkì amplifáyà rí mọ ìró “hùùù” tó máa ń dún. Nínú ilé tí iná wà, ìró yẹn náà lè yọ lójú kọ̀ǹpútà: ìgbì kan náà nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni iná ìlú wa ṣe ń yí.

Ṣé o mọ̀ ibi tí agbára sound card náà mọ? Ìdajì iye ìgbà tó ń wọ̀n ni òkè ohun tó lè rí dájú, ìlànà tí wọ́n ń pe orúkọ Harry Nyquist mọ́. Nítorí náà, kò kọjá nǹkan bíi 20,000 hertz. Amplifáyà àti sípíkà kò le fún un. Rédíò FM tó ń yí ní mílíọ̀nù 88 sí 108 kọjá ohun tó lè rí.

Ṣé o mọ̀ pé kò lè wọn bátìrì? Bí a bá so bátìrì fóltì 1.5 mọ́ ọn, ìlà á fò lẹ́ẹ̀kan, á sì padà sí òdo. Kàpásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà kì í jẹ́ kí iná tó dúró lójú kan kọjá.

Ṣé o mọ̀ bí a ṣe ń dáàbò bò ó? Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Ẹyin náà ni ihò tí ohùn ń gbà wọlé. Ti microphone ń retí fóltì kékeré bíńtín. Line-in ń gba nǹkan bíi fóltì 1, òun ni kí o lò. So rẹ̀sítọ̀ 100k mọ́ wáyà àyẹ̀wò, kí ẹnu rẹ̀ kejì lọ sórí jáàkì. Láti orí jáàkì, so rẹ̀sítọ̀ 10k sí ground. Fi dáyóòdù 1N4148 méjì dábùú rẹ̀, kí wọ́n kọjú síra lódìkejì. Fóltì 5 tó bá wọlé á di nǹkan bí ìdajì fóltì kan.

Ṣé o mọ̀ èèwọ̀ rẹ̀? Iná sọ́ọ̀kẹ́ẹ̀tì, fóltì 230, àti inú ṣájà tàbí tẹlifíṣọ̀n níbi tí iná yẹn ń gbà wọlé. Wáyà ground, tó ń so mọ́ ohun tí o ń wọ̀n, kò gba inú rẹ̀sítọ̀ kankan. Tààrà ló lọ sára kọ̀ǹpútà. Bí wáyà yìí bá ṣèèṣì kan iná yẹn, kọ̀ǹpútà lè jóná, ẹni tó fọwọ́ kàn án sì lè kú. Ohun tó ń lo bátìrì ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n.

Ṣé o mọ̀ bí o ṣe máa mọ̀ pé fóltì ti pọ̀ jù? Máa yí ohùn rédíò kékeré sókè díẹ̀díẹ̀, kí o tẹjú mọ́ ìgbì rẹ̀. Bí fóltì rẹ̀ bá pọ̀ jù, orí ìgbì á tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ó lè jẹ́ dáyóòdù ló gé e. Yí ohùn náà wálẹ̀. Ẹyin kò tíì fọ́.