Wolé-wolé àti owó oṣù rẹ̀

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní, "Prọ́f, ẹ kúulé sà. Àwọn òṣìṣẹ́ kánsù yìí, wọn ò kó ìdọ̀tí, wọn ò la gọ́tà. Kí ló dé tí ẹ fi ní kí wọ́n tún fi kún owó oṣù wọn?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì ní màá dáhùn níbí.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ gan-an wọ̀ ọ́, torí ibẹ̀ ló mọ́ mi lára jù. A mú "wò" àti "ilé", a sọ ọ́ di "wolé", a wá pè é lẹ́ẹ̀mejì: wolé-wolé. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe rí panápaná àti jagunjagun. Ẹni tó bá paná lẹ́ẹ̀kan péré kì í ṣe panápaná. Àpètúnpè yẹn ń sọ fún wa pé onítọ̀hún ń ṣe é lónìí, ó ń ṣe é lọ́la, ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, ní nǹkan bíi 1957, wolé-wolé a dé tòun ti aṣọ kákí, a gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, a sì ṣí ìkòkò omi wò. Bó bá rí tanwíji níbẹ̀, wàhálà dé nìyẹn! Àwọn ìyá wa ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ń bo ìkòkò wọn, torí wọ́n mọ̀ pé á tún padà wá.

Òfin ọdún 1999 ṣì kó iṣẹ́ yìí lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́: ọjà, ibùdókọ̀, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, gọ́tà, ìdọ̀tí. Owó ẹni tó yẹ kó ṣe é ńkọ́? Ní 2019, owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 30,000 náírà. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là nígboro nígbà náà, ó tó dọ́là 83. Ní July 2024, wọ́n sọ ọ́ di 70,000, kò sì tó dọ́là 45. Ẹnìkan lè ní a kì í fi dọ́là ra gààrí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó epo mọ́tò láti May 2023. Ẹni tó ń gba 70,000, tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ 22 lóṣù, owó ọjọ́ kan rẹ̀ ò pé 3,200. Bó bá wọkọ̀ 800 lọ, 800 bọ̀, ìdajì ti wọ àpò onímọ́tò.

Àwọn ìpínlẹ̀ kan fi kún un, Ọ̀yọ́ sọ ọ́ di 80,000, Èkó 85,000. Ó dáa. Àmọ́ ibi tí mo ti ń bínú rèé: ìsàlẹ̀ nìkan là ń gbé sókè. Ẹni tó ti lo ogún ọdún, tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà, owó rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ẹni tó wọlé lánàá lọ mọ́. Òun náà ló sì kọ́kọ́ ń ríṣẹ́ níbòmíràn.

Àwọn àgbà á rán mi létí owó Udoji. Mo rántí dáadáa! Ní 1975, wọ́n san owó náà pọ̀ mọ́ ti àwọn oṣù tó ti kọjá, ọjà sì gbóná janjan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú ìyẹn ni pé kò yẹ ká dá owó dúró títí ká tó wá dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin 2024 ti sọ àtúnyẹ̀wò di ọdún mẹ́ta-mẹ́ta dípò márùn-ún, ìyẹn á ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Ní July yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Kánsù tí kò rí owó rẹ̀, kí ló fẹ́ fi san?

Mo gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ mi pé ọ̀lẹ wà níbẹ̀, àti orúkọ àwọn tí kò sí láyé lórí ìwé owó oṣù. Kí wọ́n yọ wọ́n. Àmọ́ ta ni yóò bá ẹni tó kù wí, nígbà tí ọ̀gá alára ń ta káàdì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì?

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wá àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti 1978 ní kánsù kan. Akọ̀wé àgbàlagbà kan ní ká padà wá lọ́jọ́ Thursday, pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lòun lè wọkọ̀ wá. Nígbà tá a fi padà débẹ̀, ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ti ń bá oníṣòwò kan ṣírò owó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tá a bá nídìí tábìlì rẹ̀ ṣojú fún wa dáadáa, ó wá gbogbo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò mọ ibi tí bàbá yẹn ń kó ìwé 1978 sí.